ỌGBÀ IRIN TÍ A JỌ Ń LÒ: Ẹ̀kọ́ lórí Ààbò àti Ẹ̀tọ́ Ẹnìkejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tí ó dá irin, tí ó sì fi ọgbọ́n bí a ṣe ń lò ó sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín nínú ìwé ọdún yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Bí ènìyàn bá gbéra láti Bọ́ládé ní Òṣòdì, tí ó gba Máfolúkù kọjá, tàbí tí ó gba Àjàó Ẹ̀sítéètì lọ sí Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó gbọ́ ìró òòlù, kí ó sì rí iná wẹ́dà tí ń bù yẹ̀rì. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, wẹ́dà lè wà níhìn-ín, páńẹ́lì-bítà lọ́hùn-ún, ẹni tí ń tún rédíétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀dì ní ìsàlẹ̀ páánù. Wọ́n jọ ń lo iná kan, jẹnẹrétọ̀ kan, tábìlì irin kan, ẹnu ọ̀nà kan. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ń yá lò.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú ni ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ka ìwé tán, ọgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn mìíràn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú wàláà tàbí báàgì ìwé lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀kọ́ yìí bá wí.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú rẹ̀: nínú ọgbà tí a jọ ń lò, ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹni nìkan. Ẹ̀tọ́ ẹnìkejì ni. Ẹni tí ó bá ní, "Èmi kò bẹ̀rù iná," ti gbàgbé pé iná tí ń ta láti ọwọ́ òun kò mọ ojú ẹni tí ó rán an. Ó lè fò ré òun kọjá kí ó bà lé ẹni tí kò mọ ohunkóhun.

1. IRIN NÍNÚ Ẹ̀SÌN ÀTI NÍNÚ ÀṢÀ WA

Súrà kan wà nínú Àlùkùráánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Irin. Òun ni Súratul-Hadíd, ìkẹtàdínlọ́gọ́ta. Nínú áyà 25 rẹ̀, Ọlọ́run mẹ́nu ba ohun méjì tí ó wà nínú irin: agbára líle, àti àǹfààní fún ènìyàn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì ni a dárúkọ pọ̀. Ẹni tí ó bá rí àǹfààní irin tí kò rí líle rẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́.

Nínú Súratu Saba, áyà 10 àti 11, a gbọ́ nípa Ànábì Dáúdà, ẹni tí Ọlọ́run sọ irin di rírọ̀ fún. Ẹ̀wù ogun onírin ni ó ń ṣe. A pa á láṣẹ pé kí ó wọn òrùka rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ rere. Ẹni tí a fún ní irin rírọ̀ pàápàá, a kò ní kí ó máa ṣe é bí ó bá ṣe wù ú. Ìwọ̀n wà níbẹ̀. Nínú àwọn sàábé Ànábì wa, Khabbāb ọmọ al-Aratt jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Mákà kí wọ́n tó ṣe hijira. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín ọmọ iṣẹ́ tí èédú wà lára aṣọ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun àjọlò ni àgbẹ̀dẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ń fín ewìrì, ẹnì kan fi ẹmú di irin mú, ẹlòmíràn ń lu ú. Bí ẹni tí ó di irin mú kò bá mọ ìgbà tí òòlù ń bọ̀, ọwọ́ ni yóò fọ́. Ìbámu ni ó mú kí iṣẹ́ náà ṣe é ṣe. Lóde òní, ní ìlú Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, àdúgbò kan wà tí a ń pè ní Suame Magazine, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn oníṣẹ́ irin kó ara wọn jọ sí. Ní ọdún 1980, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ní lílo ẹ̀rọ tí apá ẹyọ ẹnì kan wọn kò lè ká láti rà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ sí.

2. Ẹ̀KỌ́ MÁRÙN-ÚN LÁTI INÚ HÁDÍÍSÌ

Kì í ṣe òde òní ni ẹ̀sìn wa bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa irin àti iná láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wo márùn-ún yìí. Kókó wọn ni a sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn gan-an.

Èkíní: Ọkùnrin kan mú ọfà wọ mọ́sálásí. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ní kí ó di ẹnu ọfà náà mú. Nínú ẹ̀gbàwá Abū Mūsā, a fi ọjà kún un: ẹni tí ó bá gbé ọfà gba mọ́sálásí tàbí ọjà kọjá, kí ó di ẹnu rẹ̀ mú kí ó má baà ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ẹ gbé e wá sí ọgbà wa: ẹni tí ó gbé ọ̀pá irin gígùn lé èjìká gba inú èrò Òṣòdì kọjá, tí ó sì ń yí padà lójijì, òun ni ẹni tí kò di ẹnu ọfà rẹ̀ mú.

Èkejì: Ànábì fi ẹni tí ń ta lọ́fínńdà olóòórùn dídùn wé ọ̀rẹ́ rere, ó sì fi ẹni tí ń fín ewìrì wé ọ̀rẹ́ búburú, nítorí pé ẹni tí ó bá jókòó ti ewìrì, bí iná kò bá jó aṣọ rẹ̀, yóò gbọ́ òórùn burúkú. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ ni. Kò bú alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí sí i pé ẹni tí ó wà nítòsí iṣẹ́ irin a máa jẹ nínú ìyà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan òòlù.

Ẹ̀kẹta: Abū Sayf ni alágbẹ̀dẹ Mẹ̀dínà tí ìyàwó rẹ̀ ń fún Ibrāhīm, ọmọ Ànábì, lọ́mú. Ní ọjọ́ kan Ànábì ń lọ sí ilé náà, Abū Sayf sì ń fín ewìrì lọ́wọ́, èéfín ti kún inú ilé. Anas ọmọ Mālik yára sáré ṣíwájú, ó ní kí ó dáwọ́ dúró, Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń bọ̀. Ó sì dáwọ́ dúró. Ẹ wo ìwà ọmọlúwàbí: ẹnì kan rí èéfín, ó ṣíwájú lọ sọ, ẹnìkejì gbọ́, kò jiyàn.

Ẹ̀kẹrin: Nínú ẹ̀gbàwá Nu'mān ọmọ Bashīr, àwọn ènìyàn kan pín ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò ó pé kí àwọn lu ihò sí ìpín tiwọn kí wọ́n má baà yọ àwọn ará òkè lẹ́nu bí wọ́n bá ń pọn omi. Bí àwọn ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Ọkọ̀ yẹn ni ọgbà wa. Ẹni tí ó ní, "Ìgun tèmi ni mo ti ń jó irin," kí ó rántí ihò inú ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ilé kan jó ní Mẹ̀dínà ní òru pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó pe iná ní ọ̀tá ọmọ ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n máa pa á kí wọ́n tó sùn. Iná tí a kò pa kì í sùn.

3. ÀWỌN EWU ÀTI BÍ A ṢE LÈ YẸRA FÚN WỌN

(a) Ojú. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́dà ní ìtànṣán kan tí a kò lè fi ojú rí. Ó ń jó ìwájú ẹyinjú bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara, ṣùgbọ́n ó yá ju ti oòrùn lọ. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ó fi ń tan àwọn ọmọdé jẹ. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí ta, yóò máa dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Awò dúdú tí wọ́n ń tà lójú títì kò tó láti fi jó irin. Awò ojú wẹ́dà tí nọ́ńbà rẹ̀ tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń lò fún ti iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹni tí ó ń jó irin yóò dáàbò bo ojú ara rẹ̀. Ta ni yóò dáàbò bo ojú ọmọ tí ń kọjá? Kí a fi páánù tàbí tapólì tí ó nípọn dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí a sì kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ ṣọ́ ojú yín o!" kí a tó fi ẹlẹ́kítíróòdù kan irin. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má dúró wò ó. Bí ojú bá ti ta ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe kán omi ọmú, kẹrosíìnì tàbí omi ewé sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

(b) Ẹ̀rọ ìlọrin, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní fáílìn-máṣíìnì. Dísìkì kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 115 lè yí ní ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, etí dísìkì náà ń sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ń fò bí ọta ìbọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi irin ìbora sí i lára. Àwọn kan a máa yọ ìbora yìí kí dísìkì ńlá lè wọ ẹ̀rọ kékeré. Dísìkì ńlá kò gbọdọ̀ yí kíákíá tó kékeré. Iye ìgbà tí ó lè yí wà lára rẹ̀. Ẹ kà á. Dísìkì tí ó ti já bọ́ sílẹ̀, tí ó ti sán, tàbí tí omi ti rẹ, kí a sọ ọ́ nù. Kí ẹni tí ń lọ irin wo ibi tí iná rẹ̀ ń ta sí. Kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ kọjú sí epo tàbí ìgò gáàsì. Òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ohun tó lè jóná jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ibi tí a ti ń jó irin. Ọgbà tiwa lè má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà kí a gbé ohun tó lè jóná jáde, tàbí kí a bò ó dáadáa, kí ẹnì kan sì dúró ṣọ́ ọ.

(d) Aṣọ. Jàlàbíà tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, bùbá gbàgẹ̀rẹ̀, ìborùn tó gùn, tẹ̀súbáà lọ́rùn, gbogbo wọn ni ẹ̀rọ tí ń yí lè fà wọlé pẹ̀lú ẹni tí ó wọ̀ wọ́n. Kí ọkùnrin pa aṣọ dà kí ó tó sún mọ́ ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ irin kò ní láti ṣí orí sílẹ̀: kí ó fi híjáàbù kékeré tí a fi òwú ṣe wé orí pinpin, kí ó sì ti etí rẹ̀ bọ inú aṣọ iṣẹ́. Aṣọ òwú ni ó dára. Aṣọ tí ó ní rọ́bà nínú a máa yọ́ mọ́ ara bí iná bá bà á. A kì í wọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírílì àti lẹ́ẹ̀dì, nítorí wọ́n lè fi ìbọ̀wọ́ fa ọwọ́ wọlé.

(e) Èéfín àti òjé. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, bí a bá jó o láìkọ́kọ́ ha síńkì rẹ̀ kúrò, èéfín funfun ni yóò mú jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ náà òtútù yóò mú ẹni tí ó fà á símú, ara rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà gbà pé mílíìkì ń fọ èéfín yìí kúrò. Oúnjẹ gidi ni mílíìkì, ṣùgbọ́n ikùn ni ó ń lọ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín wà. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí a ti ṣe iṣẹ́ náà, kí a dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí a má sì dorí kodò sínú èéfín.

Òjé burú ju ìyẹn lọ nítorí pé ó ń bá ènìyàn délé. Ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti nínú ohun tí a fi ń lẹ rédíétọ̀ àtijọ́. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní ààrin ilé, láìmọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400. Àwọn ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ kankan. Eruku iṣẹ́ àwọn àgbà ni ó bá wọn nílé. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe rédíétọ̀ tàbí bátìrì kò gbọdọ̀ jẹun nídìí iṣẹ́. Kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti ojú, kí ó pa aṣọ dà, kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

(ẹ) Gáàsì àti kábáìdì. Kìlò kan kábáìdì, bí omi bá kàn án, lè mú gáàsì tí ó tó nǹkan bí lítà 250 sí 300 jáde. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú gáàsì yìí bá dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, ó ti tó láti bú gbàmù. Nítorí náà, kí àpò kábáìdì wà ní ibi gbígbẹ tí òjò kò lè dé, kí a má sì da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú gọ́tà. A kò gbọdọ̀ fi páìpù kọ́pà so rọ́bà rẹ̀ pọ̀, nítorí gáàsì náà àti kọ́pà lè di ohun tí ń bú fúnra rẹ̀. Ìgò ọ́síjìn, òróòro ni kí ó wà, kí a fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Epo tàbí gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, nítorí ọ́síjìn lè mú kí epo gbiná láìsí ìṣáná. Kí ìgò ọ́síjìn àti ti gáàsì jìnnà síra wọn níbi tí a kó wọn pamọ́ sí, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20.

Dúróòmù tàbí táńkì epo tí a ní ó ti "ṣófo" lè pa wẹ́dà. Epo ti tán nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru epo kún inú rẹ̀, òun gan-an ni ó ń bú. A kò gbọdọ̀ jó o bí kò ṣe pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú ti fọ̀ ọ́ mọ́, tí ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò.

(f) Iná mọ̀nàmọ́ná àti ariwo. Wáyà tí awọ rẹ̀ ti bó, ilẹ̀ tí omi wà, ẹsẹ̀ lásán: bí mẹ́ta yìí bá pàdé, ikú ni wọ́n ń pè. Ní ti ariwo, bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè kàn tó gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí rẹ. Etí tí ó bá ti kú báyìí kì í jí mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ kíké Àlùkùráánì di ọjọ́ ogbó, kí ó fi ohun dí etí rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

4. Ẹ̀TỌ́ TÍ A JẸ ARA WA NÍNÚ ỌGBÀ

Ààbò tí a ti kà wọ̀nyí, ẹ̀tọ́ ni wọ́n. Àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí kò la ẹ̀jẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìjà ni àìbìkítà sí wọn máa ń bí, ìjà sì burú níbi tí òòlù wà.

Èkíní, kí a dá ohun èlò padà sí ipò rẹ̀ bí a ṣe bá a. Ẹni tí ó bá fi fáìsì tàbí dírílì gbogbo ènìyàn bàjẹ́, kí ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì so nǹkan mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má baà lò ó. Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ tí a dákẹ́ lé lórí, tàkúté ni a dẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èkejì, irin tó gbóná kò yàtọ̀ sí èyí tó tutù ní ojú. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ "GBÓNÁ" sí i lára, kí a sì gbé e sí ibi tí a ti fẹnu kò sí.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, kí a má sì kí i lójijì. Sàláámù dára, ṣùgbọ́n kí a dúró níwájú rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dúró, kí a tó kí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a gbá ìdí iṣẹ́ wa kí a tó lọ. Èérún irin tí o fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni yóò bá a pàdé.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pín àkókò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré kí ó bẹ̀bẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ kí ó yọ̀ǹda. Kí a dá òòlù dúró nígbà ìrun àti nígbà tí àwọn ọmọdé bá wà ní kíláàsì nítòsí. Bí a kò bá lè dá a dúró, kí a fi iṣẹ́ aláriwo sí wákàtí mìíràn. Aládùúgbò tí ó ní aláìsàn nílé ní ẹ̀tọ́ láti wá sọ fún wa, bí Anas ṣe sọ fún Abū Sayf.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹnì kan má ṣe lọ ilé láìyẹ ọgbà wò. Iná tí ó bọ́ sínú àkísà lè máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó là. Kí a dá iṣẹ́ jíjó irin dúró ṣáájú àkókò tí a ó ti ọgbà pa, kí a pa jẹnẹrétọ̀, kí a ti gáàsì, kí a wá rìn yí ká.

5. BÍ Ọ̀GÁ BÁ NÍ KÍ O ṢE É ŃKỌ́?

Ìbéèrè yìí ni ó wúwo jù fún ọmọ iṣẹ́. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, lóòótọ́. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ìgbóná ìdí ìkòkò kì í ṣe kí ìkòkò fọ́. Ọ̀gá kan lè ní, "Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe kọ́ ọ, ojú wa kò fọ́." Àwọn tí ojú wọn fọ́ kò sí ní ọgbà mọ́ láti dáhùn.

Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe ara wa ní ìpalára, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlòmíràn. Òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n tún ṣe ní 1987, kò fẹ́ kí a fi ẹni tí a kò kọ́ ní ewu ẹ̀rọ sídìí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá àjọ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààbò nípasẹ̀ òfin ọdún 2011. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá béèrè ìbora ẹ̀rọ kò rí ọ̀gá fín.

Bí ó ṣe yẹ kí o sọ ọ́ nìyí. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí o ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da ìbora rẹ̀ padà, kí n sì wọ awò." O kò kọ iṣẹ́, ewu ni o kọ̀. Bí ó bá ṣì takú, lọ sọ fún òbí rẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ ni a bẹ̀ yín: ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ lọ fún ọ̀gá, ẹ béèrè awò ojú kí ẹ tó béèrè iye owó ìgbòmìnira. Ẹ lọ wo ọgbà náà fúnra yín.

6. BÍ OHUN KAN BÁ ṢẸLẸ̀

Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù tó mọ́ tí ń ṣàn ni kí a da sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá mú ènìyàn, kí a kọ́kọ́ pa iná láti orísun rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí irin bá wọ ojú, kí a má ṣe yọ ọ́, kí a má sì fi ọwọ́ ra á. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn àti ohun èlò ìpaná wà ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Kí ọ̀nà àbájáde sì ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Àwa ará Ìsọlọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù January ọdún 2002, nígbà tí àwọn àdó olóró bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Ẹ̀mí tí ó lé ní 1,000 ni ó ṣègbé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ń sá àsálà, tí wọ́n bọ́ sínú odò àti kánààlì Òkè-Àfà nínú òkùnkùn. Kì í ṣe iná ni ó pa wọ́n. Wọn kò mọ ibi tí ọ̀nà wà ni. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ọmọ tuntun tó bá dé ọgbà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tó fi òòlù lé e lọ́wọ́, kí a fi ọ̀nà àbájáde hàn án.

7. ÌBÉÈRÈ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ohun méjì wo ni Súratul-Hadíd áyà 25 sọ pé ó wà nínú irin?
2. Kí ni ẹni tí ó gbé ọ̀pá irin gba inú èrò kọjá lè rí kọ́ nínú hádíísì ọfà?
3. Kí ni ó fà á tí dúróòmù epo tí ó ṣófo fi lè bú?
4. Báwo ni òjé ṣe lè ṣe ọmọ tí kò dé ọgbà irin rí ní ibi?
5. Sọ ìdí méjì tí dísìkì ńlá kò fi yẹ lára ẹ̀rọ ìlọrin kékeré.
6. Kọ gbólóhùn mẹ́ta tí o lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ bí ó bá fún ọ ní iṣẹ́ láìsí awò ojú.
7. Lọ sí ọgbà irin kan ní àdúgbò rẹ pẹ̀lú àgbàlagbà. Dúró ní ọ̀ọ́kán, má wo iná. Kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe dáadáa àti ọ̀kan tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ní ìparí, àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan náà ni àwa ń lù nínú ẹ̀kọ́ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹ̀tọ́ ẹnìkejì. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó ṣọ́ ojú wọn, ọwọ́ wọn àti èémí wọn, kí Ó sì má ṣe fi wá ṣe okùnfà ìbànújẹ́ fún aládùúgbò wa. Àmín.